Fífi Fáìlì Kan Náà Ránṣẹ́ sí Ọ̀pọ̀ Kọ̀ǹpútà lórí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Àgbéyẹ̀wò

Kí fáìlì kan ṣoṣo kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan, kí ó sì balẹ̀ sórí ogójì tàbí irínwó kọ̀ǹpútà mìíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gbé fíláàṣì kiri láti orí tábìlì dé orí tábìlì, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ní báńkì, ní yunifásítì, ní ilé ìwòsàn àti ní àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Fáìlì náà lè jẹ́ sọ́fúwíà tuntun, àtúnṣe sí èyí tó wà nílẹ̀, ìbéèrè ìdánwò, tàbí àkọsílẹ̀ iye owó tí gbogbo ẹ̀ka iléeṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò láàárọ̀ ọ̀la. Ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń bèèrè ni irinṣẹ́ wo ló yá jù. Ìbéèrè méjì kan wà tó le ju ìyẹn lọ: ta ló ní àṣẹ láti kọ nǹkan sórí gbogbo àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, báwo ni wọ́n sì ṣe máa mọ̀ dájú pé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti dé orí gbogbo wọn, tí kò ku ẹyọ kan?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó ní òfin kíkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ni FTP. Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó wà ní MIT ní Amẹ́ríkà, ló kọ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1971, nígbà tí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bí íntánẹ́ẹ̀tì òde òní, ṣì jẹ́ ti àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí díẹ̀. Òfin rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà ṣì ń tẹ̀lé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985. FTP kò bá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mu púpọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ló ń bá kọ̀ǹpútà kan sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ogójì, ìgbà ogójì ni wọn ó wọlé. Ní gbangba gbàǹgbà sì ni orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ń gba orí wáyà kọjá, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń yọjú wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lè kà á.

Ní Yunifásítì California ní Berkeley, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ rcp jáde pẹ̀lú Unix 4.2BSD ní ọdún 1983. Ó sọ fífi fáìlì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn di ohun tó rọrùn tó kíkó o láti fóldà kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé lásán ló gbé e ró: bí orúkọ kọ̀ǹpútà kan bá ti wà láàárín àwọn tí wọ́n fọkàn tán, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní páswọ́ọ̀dù. Èyí tó tẹ̀lé e, rdist, tó jáde pẹ̀lú 4.3BSD ní ọdún 1986, ni baba àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lónìí. Alábòójútó á kọ orúkọ àwọn fáìlì àti orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Distfile. Rdist á yà sọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì fi tuntun ránṣẹ́ sí èyí tí fáìlì tirẹ̀ bá ti gbó. Ogójì ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, èrò náà kò sì tíì yí padà: kí wọ́n kọ ohun tó yẹ kó wà sílẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tó yẹ kó wà sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá ìyàtọ̀.

Páswọ́ọ̀dù tó ń rìn ní ìhòòhò ló dá wàhálà sílẹ̀ níkẹyìn. Ní ọdún 1995, ẹnìkan dẹ pàkúté sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní Finland, ó sì ń kó páswọ́ọ̀dù àwọn ènìyàn. Tatu Ylönen, olùwádìí níbẹ̀, kọ SSH lọ́dún kan náà láti dí ọ̀nà yẹn. Ó tọrọ ojú ọ̀nà nọ́ńbà 22 lọ́wọ́ àwọn tó ń pín nọ́ńbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé 21 jẹ́ ti FTP, 23 sì jẹ́ ti telnet. Àárín àwọn méjèèjì tó fẹ́ gba ipò wọn ló dó sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá gba inú SSH kọjá ti di àdììtú fún ẹni tó bá ń yọjú. Àwọn tó ń ṣe OpenBSD gbé OpenSSH jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 1999, òun sì ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ sáfà lónìí. Irinṣẹ́ scp ló gba iṣẹ́ rcp ṣe nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022, nígbà tí OpenSSH 9.0 jáde, orúkọ scp ló kù, ọ̀nà SFTP tó láàbò jù ló ń gbà lábẹ́lẹ̀. Ohun tó mú SSH wúlò fún ogójì kọ̀ǹpútà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó pín sí méjì. Alábòójútó di apá kan mú fúnra rẹ̀, ó sì fi apá kejì sórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní tẹ páswọ́ọ̀dù nígbà ogójì mọ́. Ìwé àṣẹ kúkúrú kan á ka orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà tẹ̀léra wọn, á sì máa fi fáìlì sọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn irinṣẹ́ bíi pssh tilẹ̀ ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Irinṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n dúró tì pẹ́ ni rsync. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde ní Canberra, ní Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Australia, ní oṣù Kẹfà ọdún 1996. Tridgell sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ nínú ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1999. Ìṣòro tó wà níwájú wọn nìyí. Fáìlì tuntun wà níbí, èyí tó ti gbó díẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó ní àwọn méjèèjì lọ́wọ́ tí ì bá fi gbé wọn wò pọ̀. Báwo ni ti ibí ṣe máa mọ ohun tí ti ọ̀hún kò ní, láìjẹ́ pé ó gbé odidi fáìlì ránṣẹ́?

Ìdáhùn wọn ni pé kí kọ̀ǹpútà ọ̀hún gé fáìlì tirẹ̀ sí ègé tó dọ́gba, kí ó ṣírò nọ́ńbà àmì méjì fún ègé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tó yá láti ṣírò ṣùgbọ́n tí kò ṣeé gbára lé tán, èkejì tó ń gba àkókò ṣùgbọ́n tó dájú. Àwọn nọ́ńbà yìí nìkan ni yóò fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó ní tuntun á wá máa rìn lórí fáìlì tirẹ̀ ní báìtì kọ̀ọ̀kan, á máa wò ó bóyá ègé tó wà níwájú òun bá ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà náà mu. Ibi tí ọgbọ́n wọn wà gan-an ni bí wọ́n ṣe ṣe nọ́ńbà tó yá: bí ó bá sún síwájú ní báìtì kan, kò ní ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀, á yọ báìtì tó jáde kúrò, á fi èyí tó wọlé kún un, ó parí. Ibi tí èyí bá ti bára mu nìkan ni á ti yẹ nọ́ńbà tó dájú wò. Ègé tó bá bára mu kò ní gbéra rárá. Á kàn sọ fún ọ̀hún pé kí ó lo tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ki gbólóhùn kan bọ ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá, tí gbogbo ohun tó tẹ̀lé e sún síwájú, rsync á ṣì rí i pé ìyókù kò yí padà, gbólóhùn yẹn nìkan ni yóò sì rìnrìn àjò.

Níbi tí ọ́fíìsì ti ń fi owó ra dátà, tí ẹ̀ka Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ ń gba fáìlì láti Èkó lórí ìlà tí kò yára, owó gidi ni ọgbọ́n yìí ń fi pa mọ́. Fáìlì 500 mẹ́gábáìtì tí kò yí padà ju ibi 3 mẹ́gábáìtì lọ kò ní gbé ju nǹkan bíi 3 mẹ́gábáìtì náà lọ, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà àmì tó bá a rìn. Fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ di zip kò rí àǹfààní yìí gbà dáadáa, nítorí àyípadà kékeré níbẹ̀rẹ̀ lè yí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ padà. Ohun méjì ló sì yẹ kí ẹni tó ń lò ó fi sọ́kàn. Bí wọn kò bá pàṣẹ nǹkan mìíràn fún un, bí fáìlì ṣe tóbi tó àti àkókò tí wọ́n ṣe é gbẹ̀yìn ni rsync fi ń mọ èyí tó yẹ kó fò. Kò ṣí inú rẹ̀ wò àfi bí wọ́n bá fi --checksum kún àṣẹ náà. Lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, tí aago rẹ̀ ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkúùgbà tí iná bá lọ, àkókò yẹn lè ṣi gbogbo ìṣirò lọ́nà. Èkejì ni --delete, tó ń pa ohun gbogbo tó wà lọ́hùn-ún tí kò sí níbí. Bí ẹnìkan bá ṣi fóldà kọ, ogójì kọ̀ǹpútà ni yóò ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi -n kún àṣẹ náà, kí wọ́n ka ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀.

Lórí Windows, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. SMB, tí Barry Feigenbaum bẹ̀rẹ̀ ní iléeṣẹ́ IBM ní ọdún 1983, ni èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń pín fóldà láàárín ara wọn. Windows tó wà fún ọ́fíìsì máa ń pín díráìfù rẹ̀ pátá fún alábòójútó ní ìkọ̀kọ̀, lábẹ́ orúkọ bíi C$ àti ADMIN$. Ẹni tó bá ní àṣẹ alábòójútó lè kọ fáìlì sínú C$ ogójì kọ̀ǹpútà láti orí àga rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tí kò sí lábẹ́ domain, ìyẹn ìṣàkóso kan ṣoṣo láti àárín, tí wọ́n kàn jẹ́ workgroup bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré, kì í gbà fún un láti ìgbà Windows Vista. Páswọ́ọ̀dù alábòójútó lè tọ̀nà, kí wọ́n sì ṣì tì í síta, nítorí pé Windows ń bọ́ àṣẹ ńlá kúrò lára àkáǹtì abẹ́lé tó bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Ọ̀pọ̀ alábòójútó tó jẹ́ ọ̀dọ́ ti fi odidi ọjọ́ wá àṣìṣe tí kò sí lọ́wọ́ wọn níbi èyí.

Robocopy ni irinṣẹ́ tí Windows fúnra rẹ̀ ń bá wá láti ìgbà Vista. Kí ó tó dìgbà náà, inú àpò irinṣẹ́ àwọn alábòójútó Windows NT ló ti wà. Ó lágbára, ó sì dúró ṣinṣin lórí ìlà tó ń já, nítorí pé pẹ̀lú /Z ó lè tẹ̀ síwájú níbi tó ti dúró. Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó mọ̀ ni iye ìgbà tó máa ń tún un gbìyànjú. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan fún un, bí fáìlì kan bá wà ní títì, mílíọ̀nù kan ìgbà ni yóò gbìyànjú rẹ̀, yóò sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú àáyá láàárín ìgbìyànjú kan sí èkejì. Ìṣirò rẹ̀ lé ní 340 ọjọ́ lórí fáìlì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ /R:2 /W:5 sí i. Nọ́ńbà tó fi ń jábọ̀ náà tún ń tan ènìyàn jẹ: 0 túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó nílò kíkó, 1 túmọ̀ sí pé ó kó o tán láìsí wàhálà, láti 8 lọ sókè ni ìjákulẹ̀ wà. Ìwé àṣẹ tó bá ka nọ́ńbà yòówù tó ju òdo lọ sí àṣìṣe á máa kígbe nígbà tí gbogbo nǹkan dára.

Gbogbo ọ̀nà tí a ti mẹ́nu bà yìí ní àìlera kan náà: kọ̀ǹpútà tó wà ní pípa kò gba nǹkan kan. Ní Nàìjíríà, níbi tí iná ti ń lọ tó sì ń bọ̀, tí ẹ̀ka iléeṣẹ́ kan lè wà nínú òkùnkùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún ní òmíràn, kékeré kọ́ ni àìlera yẹn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n yí iṣẹ́ náà padà, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa wá bèèrè ohun tó tọ́ sí i fúnra rẹ̀. Mark Burgess kọ CFEngine lọ́nà yìí ní Oslo ní ọdún 1993. Puppet, tó jáde ní ọdún 2005, ń mú kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan padà wá bèèrè ní gbogbo ìṣẹ́jú 30. Group Policy ti Windows náà lè kó fáìlì fún kọ̀ǹpútà tó bá wà lábẹ́ domain, ní nǹkan bíi 90 ìṣẹ́jú síra wọn, pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà tó sùn láná á gba tirẹ̀ nígbà tó bá jí. Ansible, tí Michael DeHaan gbé jáde ní ọdún 2012, padà sí ọ̀nà títì lọ lórí SSH nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n fi sọ́fúwíà kankan sórí kọ̀ǹpútà tó ń gbà á. Márùn-ún márùn-ún ló ń mú wọn bí wọn kò bá yí i padà, ó sì máa ń to orúkọ àwọn tí kò rí bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ níparí. Fún ọ́fíìsì tó ní kọ̀ǹpútà tí kì í kú, títì lọ ló rọrùn; fún èyí tí iná rẹ̀ kò dúró, kí wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wá gbà á.

Nípa bí ó ṣe yá tó, ìṣirò kékeré kan ti tó. Fáìlì 1 gígábáìtì jẹ́ bílíọ̀nù mẹ́jọ bíìtì. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 80 ìṣẹ́jú àáyá ni yóò gbà kí ó tó dé orí kọ̀ǹpútà kan, bí kò bá sí ìdíwọ́. Fún ogójì kọ̀ǹpútà, sáfà kan ṣoṣo á lo 3,200 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Kíkó o fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà kò dín in kù, nítorí pé wáyà kan náà ló ń jáde láti ara sáfà. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà tó bá ti rí tirẹ̀ gbà bá tún ń fún ẹlòmíràn, tí swíìṣì àárín wọn sì lè gbà á, ẹni kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ; ipele mẹ́fà péré ni yóò kárí ogójì, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Èrò tó wà nídìí BitTorrent, tí Bram Cohen gbé jáde ní ọdún 2001, sún mọ́ èyí, àfi pé ègé ni wọ́n ń pín dípò odidi. Twitter lò ó ní ọdún 2010 láti pín sọ́fúwíà sórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà wọn, ohun tó ti ń gbà wọ́n ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú sì sọ̀kalẹ̀ di 12 ìṣẹ́jú àáyá. Windows 10 náà ń jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì kan gba àtúnṣe lọ́wọ́ ara wọn, èyí tó ń fi dátà pa mọ́ fún ẹni tó bá tan ètò náà.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni sáfà á sọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn á gbọ́. Multicast ni wọ́n ń pè é. Steve Deering ló kọ òfin rẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989. Iye kọ̀ǹpútà kò yí iye àkókò padà: 80 ìṣẹ́jú àáyá fún ẹyọ kan, 80 fún irínwó. Àwọn irinṣẹ́ bíi UDPcast àti Clonezilla ń lò ó láti fi odidi Windows sórí gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ yẹn gan-an sì ni ó dára fún. Lórí Wáìfáì kò dára rárá, nítorí pé ìwọ̀n ìyára tó kéré ni ẹ̀rọ Wáìfáì fi ń ké irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kì í sì í dúró kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ pé ó gbọ́.

Ewu kan wà nínú gbogbo èyí: àṣẹ tó ń jẹ́ kí alábòójútó kọ fáìlì sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ni àwọn olè pẹ̀lú ń wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry gba inú àbùkù kan nínú SMB àtijọ́, ó sì fọ́n ká láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnì kankan. Ó ba àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ gidigidi. Microsoft ti gbé àtúnṣe àbùkù yẹn jáde láti oṣù Kẹta. Oṣù kan àtààbọ̀ lẹ́yìn WannaCry, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, òmíràn tó ń jẹ́ NotPetya dé. Inú àtúnṣe sọ́fúwíà ìṣirò owó kan tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Ukraine ń lò ló gbà wọlé. Nígbà tó wọlé tán, ó kó páswọ́ọ̀dù tó bá nínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi PsExec, irinṣẹ́ tí àwọn alábòójútó ń lò lójoojúmọ́ tí kò sí àbùkù kankan nínú rẹ̀, kó ara rẹ̀ sórí àwọn yòókù.

Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Denmark tí àpótí ẹrù rẹ̀ ń wọ èbúté Àpápá, wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Wọ́n ní láti tún 4,000 sáfà àti 45,000 kọ̀ǹpútà tò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn sáfà tó ń tọ́jú orúkọ àti àṣẹ gbogbo òṣìṣẹ́ wọn kárí ayé ń kọ́ ara wọn ní ohun tuntun lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbà pé ìyẹn ti tó ní ẹ̀dà ìpamọ́. Gbogbo wọn ló kú pa pọ̀, àfi ọ̀kan ní Ghana, tí iná ti lọ níbẹ̀ kí ìjàǹbá náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún gígábáìtì ló wà lórí sáfà yẹn, ọjọ́ mélòó kan ni yóò sì gbà kí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì Ghana tó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òṣìṣẹ́ kan gbé háàdì díìsìkì náà wọkọ̀ òfuurufú wá sí Nàìjíríà, ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn sì gbé e dé London. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọ́fíìsì kékeré ṣe kedere. Kí páswọ́ọ̀dù alábòójútó abẹ́lé má ṣe jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Microsoft ń fúnni ní LAPS lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015 láti yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n pa SMB àkọ́kọ́. Kí ẹ̀dà ìpamọ́ kan sì wà tí kò so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, nítorí pé ọ̀nà tó ń kó ohun rere dé ibi gbogbo ń kó ìparun náà dé ibẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀rí. Fáìlì tó já sí méjì lójú ọ̀nà lè jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú odidi rẹ̀, kí sọ́fúwíà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kí ó tó dé tán. Ohun tó dára ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ ní orúkọ mìíràn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Rsync ń ṣe ìgbésẹ̀ orúkọ yìí fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni nọ́ńbà àmì bíi SHA-256. Bí báìtì kan bá yàtọ̀, nọ́ńbà náà á yàtọ̀. Windows ní àṣẹ Get-FileHash fún un, Linux ní sha256sum. Kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó gbà á, kì í ṣe lórí èyí tó fi ránṣẹ́ nìkan, kí wọ́n sì kó gbogbo ìdáhùn jọ síbi kan.

Ṣùgbọ́n fáìlì lè dé pátápátá kí ó sì jẹ́ fáìlì burúkú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ ààbò CrowdStrike fi fáìlì kékeré kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ kárí ayé. Ìṣẹ́jú 78 péré ló lò kí wọ́n tó fà á padà, síbẹ̀ Microsoft ṣírò rẹ̀ pé 8.5 mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà ló ti dá kú. Àtúnṣe kò sì ṣeé fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ wọn, torí kọ̀ǹpútà tí kò lè tàn kò lè gba fáìlì. Ènìyàn ló ní láti lọ fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìwọ̀nba díẹ̀, kí wọ́n dúró wò ó fún wákàtí kan, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí tàn káyé lọ́jọ́ náà.

Èyí tó kan ilé wa jù lọ ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò UTME ọdún 2025. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, jáde sí gbangba, ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Àlàyé àjọ náà ni pé àtúnṣe sọ́fúwíà tó yẹ kó wà lórí gbogbo sáfà ìdánwò dé orí àwọn kan, kò dé orí àwọn tó ń sin Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù. Ẹnikẹ́ni kò sì tètè mọ̀. Gbọ̀ngàn 157 nínú 887 ló kàn: 65 ní Èkó, níbi tí ọmọ 206,610 ti jókòó, àti 92 ní ìlà-oòrùn gúúsù, níbi tí 173,387 ti jókòó. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 379,997 ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe láti ọjọ́ 16 oṣù náà, lẹ́yìn tí máàkì tí kì í ṣe tiwọn ti jáde. Wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́; wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò dé orí sáfà tó kẹ́yìn.

Ohun tí ì bá dènà rẹ̀ kò gba owó púpọ̀, kò sì gba ìmọ̀ tó ga. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀, kí sáfà kọ̀ọ̀kan ṣírò nọ́ńbà SHA-256 sọ́fúwíà tó wà lórí rẹ̀, kí ó fi í ránṣẹ́ sí oríkò, kí oríkò tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó tọ̀nà, kí gbọ̀ngàn tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ tàbí tí kò dáhùn má ṣe ṣílẹ̀kùn. Ó yẹ kí JAMB, WAEC, NECO àti gbogbo àjọ tó ń fi kọ̀ǹpútà dán ọmọ wò ní ilẹ̀ yìí sọ ìgbésẹ̀ yìí di dandan, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ pé ó ti di dandan.